Ẹ Má Gbé Áńpù Béèsì Sí Igun Ògiri

Bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gìtá béèsì ṣe ń fi owó ṣòfò ń dùn mí gan-an. Bí béèsì kò bá ti já gaara nínú ilé ìjọsìn, áńpù tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè, ni wọ́n ń sáré lọ rà, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé èyí tí ó wà nílẹ̀ sí ni kò dára.

Àṣìṣe kìíní ni igun ògiri. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí mo ti ṣeré láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, ògiri búlọ́ọ̀kù ni, táìlì nílẹ̀, páànù lókè, kò sì sí ohun tí yóò fa ìró mu. Okùn E, tí ó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì ìró rẹ̀ sì gùn ju mítà 8 lọ. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í gba iwájú nìkan lọ: ó ń gba ẹ̀yìn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́, bí ògiri méjì àti ilẹ̀ bá sì pàdé lẹ́yìn áńpù, gbogbo wọn yóò jọ tì í padà, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì wú ju bí ọwọ́ ti ta á lọ.

Èmi náà ṣe é rí, níbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀fà. Mo gbé áńpù sí igun lẹ́yìn onílù, n kò gbọ́ ara mi, mo bá ń yí ohùn sókè, títí gíláàsì ojú fèrèsé fi ń gbọ̀n tí ìyá àgbà kan níwájú fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Orúnkún mi ni áńpù náà kọjú sí, kì í ṣe etí mi.

Ààrin ògiri ẹ̀yìn ni mo ń gbé e sí báyìí, lórí àga, tí mo yí ojú rẹ̀ sókè díẹ̀ sí etí mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé fífà á kúrò lára ògiri ní mítà kan ni oògùn rẹ̀, nítorí ìró tí ó ń padà láti ara ògiri lè pa ohùn tí ó ń jáde láti inú áńpù tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 86 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí nóòtì F kan, ọ̀kan lára àwọn ohùn orin ìsàlẹ̀ béèsì, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Èkejì, ẹ má gbé e lé pèpéle pákó tí inú rẹ̀ ṣófo láìfi fóòmù sábẹ́.

Ẹ má gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn akọrin.

Ẹ má sì fi ọkàn balẹ̀ pé bí èrò bá dé, gbogbo rẹ̀ yóò tò. Ara àti aṣọ ènìyàn ń fa ohùn òkè mu dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ti béèsì. Ẹ yí bọ́tìnì béèsì orí áńpù wálẹ̀, ẹ fún ẹlòmíràn ní gìtá, kí ẹ̀yin fúnra yín rìn dé ìjókòó ẹ̀yìn lọ gbọ́ ọ.