Fífọ ẹ̀mú ìyọyín kí ó tó wọ autoclave, àti bí a ṣe ń sè é

Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sẹ́nu ẹ̀mú máa ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀, oru autoclave (ìkòkò tó ń fi oru gbígbóná pa kòkòrò) kì í dé abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ fi ṣáájú sísè. Bí aláìsàn bá ti dìde lórí àga, ẹ kó irinṣẹ́ sínú ike onídèérí tó ní omi àti ọṣẹ olómi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o. Gbígbóná á mú ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin. Ẹ má da Jik sí i, ìpẹtà á mú oríkèé ẹ̀mú.

Ẹ wọ épírọ̀nù, gíláàsì ìbojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà nínípọn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí dókítà fi ń yẹ ẹnu wò kò lè gba yín lọ́wọ́ irin mímú. Ẹ ya ẹnu ẹ̀mú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ omi kó má baà ta sí yín lójú. Ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀. Tí àbàwọ́n bá kù, ó di ọṣẹ padà. Ẹ̀rọ ìgbẹ́yín kì í wọ inú omi: ẹ nù ún, ẹ fún un ní òróró rẹ̀, kí ẹ tó dì í sínú àpò bébà.

Níbi tí iná ìjọba bá ti ń ṣe ségesège, bíi Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, autoclave oníkòkò orí gáàsì wúlò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Omi tí a ti sè tí a gba oru rẹ̀ ló yẹ ẹ. Ti bọ́ọ̀hóòlù máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò. Ẹ má kó àpò irinṣẹ́ fún pọ̀. Ẹ fi fáàfù sílẹ̀ ní ṣíṣí títí oru á fi máa tú jáde gbuu láìdáwọ́ dúró, kí ẹ tó tì í. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú á jẹ́ kí géèjì fi 15 psi (ìwọ̀n agbára oru) hàn, ooru inú rẹ̀ kò sì ní tó 121°C. Ìgbà tó bá dé 121°C ni kíka ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀: 30 fún irinṣẹ́ tí a dì, 20 fún èyí tí a kò dì. Bí gáàsì bá tán láàárín, a ó tún un kà láti òdo. Omi híhó lásán kì í kọjá 100°C, àwọn kòkòrò tó sé ara wọn mọ́ èèpo á sì yè é.

Ẹ jẹ́ kí géèjì wálẹ̀ sí òdo kí ẹ tó ṣí i, kí àpò sì gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí bébà tó tutù máa ń fa kòkòrò wọlé. Téèpù ara àpò tó yí àwọ̀ padà fi hàn pé ooru kàn án, kò fi hàn pé kòkòrò kú. Àyẹ̀wò kòkòrò Geobacillus stearothermophilus (kòkòrò tí ooru kì í tètè pa, tí a ń sè pọ̀ mọ́ irinṣẹ́), lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ló lè sọ ìyẹn. Bó bá fi hàn pé wọ́n yè, ẹ kó gbogbo àpò tó wá láti inú ìkòkò náà padà, ẹ tún wọn fọ̀, ẹ tún wọn sè.