Bí mo ṣe wá ìdí àfòpiná sányán ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ilé kòkòrò ńlá kan so mọ́ ẹ̀ka arère lẹ́bàá oko wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òwú sányán ti ń wá, sányán tí àwọn èèyàn wa ń fi yangàn ní Ojúde Ọba. Mo fẹ́ mọ àfòpiná tó kọ́ ọ, àti ẹbí tó ti wá.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, kí n tó gé ẹ̀ka náà. Irun ara àwọn ọmọ kòkòrò yìí máa ń yún èèyàn burúkú, ó sì máa ń kù sínú ilé wọn. Mo gbé e sínú àgò, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó.

Kí àwọn àfòpiná tó jáde, mo la ilé mìíràn tó ti ṣófo. Ibẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ìpele ìpele ni: ti òde rọ̀, ti inú le, ó gan, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpò kéékèèké ti fún mọ́ra, àpò kan fún kòkòrò kan. Ilé kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Kòkòrò sílíìkì ti Ṣáínà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kálukú wọn ló ń dá ilé tirẹ̀ kọ́, èèyàn sì lè fa òwú rẹ̀ jáde ní gbọọrọ. Ti sányán ti lọ́ mọ́ra, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi omi eérú sè é, kí wọ́n tó fi ọwọ́ ran án.

Nígbà tí àwọn àfòpiná jáde, mo fi awò ìmúǹkantóbi wò wọ́n dáadáa. Ara wọn kún fún irun. Ìyẹ́ iwájú funfun bí ẹni pọ́n díẹ̀, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sì là á kọjá. Ìwo akọ ya wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Irun kí jọ sí ìdí abo; òun ló máa ń fi bo ẹyin rẹ̀. Ẹnu wọn kò wúlò fún oúnjẹ mọ́: ohun tí wọ́n jẹ nígbà ọmọdé ni wọ́n fi ń gbé ìyókù ayé wọn.

Anaphe ni wọ́n. Walker, onímọ̀ kòkòrò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ wọ́n lórúkọ yìí ní 1855. Bí a bá pe Notodontidae, ẹbí àfòpiná kan, ní agbo ilé, ojúlé kan níbẹ̀ ni Anaphe. Bombycidae ni agbo ilé kòkòrò Ṣáínà. Sílíìkì méjèèjì kò bára tan tímọ́tímọ́ rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń dán. Ní ti ẹ̀yà, Anaphe venata tí Butler, onímọ̀ kòkòrò mìíràn, ṣàpèjúwe ní 1878 ni ọkàn mi fà sí, torí arère ni oúnjẹ tirẹ̀.

Èyí ni mo ṣe ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń yan ọmọ kòkòrò náà jẹ. Èròjà kan wà nínú A. venata tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná kò sì tètè pa á. Ní ìgbà òjò, ẹni tó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ onísítáàṣì nìkan lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Fítámì B1 yẹn náà ni àwọn dókítà ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.