Ẹ kọ́kọ́ béèrè owó oògùn kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ kíndìnrín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá níbí tí dókítà ti sọ fún yín pé kíndìnrín èèyàn yín ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa dá owó sájẹ́rì. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ oògùn tó máa lò lẹ́yìn ìpààrọ̀ síwèé, tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone ló sábà máa ń jẹ́, ẹ mú ìwé yẹn lọ sí fámasì bíi mẹ́ta ní Wúsè àti Gárkì, ẹ béèrè iye tí toṣù kan jẹ́, ẹ wá fi oṣù méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹbí lè dáwó sájẹ́rì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lè dá a, àmọ́ oògùn yìí ò ní ọjọ́ ìparí, torí tí ò bá sí i, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá kíndìnrín àlejò yẹn jà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kúbwá nìyẹn. A ti ná gbogbo owó sórí sájẹ́rì, nígbà tó di oṣù keje, owó oògùn ò délẹ̀ mọ́, ló bá ń gé ẹyọ kan sí méjì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kíndìnrín àbúrò wa obìnrin ló wà níkùn ẹ̀ o, ó sì bàjẹ́ síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Dáyálísíìsì, ìyẹn kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń ti Maraba wọlé mọ̀ pé go-slow Nyanya nìkan tó àìsàn. Ẹni tí ìpààrọ̀ bá bá lára mu á mu omi tẹ́rùn, á padà síbi iṣẹ́, kíndìnrín tí alààyè fi sílẹ̀ sì lè lo ọdún 15 sí 20. Kò pọn dandan kó jẹ́ Íńdíà, wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí láti ọdún 2000.

Àmọ́ oògùn yẹn ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, àrùn á tètè máa ràn án, ó lè fa ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ara ẹ̀ bá gbóná, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Àgbo ńkọ́? Rárá o.

Ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà bá òun nìkan sọ̀rọ̀, kí ẹbí má dúró tì í, kó lè sọ "mi ò ṣe" láìbẹ̀rù. Ẹ má sì ra ti ẹnikẹ́ni, òfin ìlera ọdún 2014 kà á léèwọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ fi aago fóònù sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́sàn-án alẹ́ fún tacrolimus. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ iye ẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má tíì lo ti àárọ̀, ẹ mú un dání, kẹ́ ẹ lò ó gbàrà tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán.