Kábúrétọ̀ ẹ̀rọ ìgégi àtijọ́: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jù ú nù

Bí ọ́párétọ̀ bá gbé ẹ̀rọ ìgégi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ọ̀gá, kábúrétọ̀ ti kú, ẹ bá mi wá òmíì.” N kì í dá a lóhùn. Màá ní kó tú ìdérí táǹkì epo díẹ̀, kó wá fa okùn. Bó bá ṣiṣẹ́ báyẹn, tó tún kú lẹ́yìn tó dé e pa, ihò tí táǹkì fi ń mí ló dí. Lẹ́búlẹ́bú igi tó pò mọ́ ọ́ìlì ló dí i. Kí ló kan kábúrétọ̀ níbẹ̀?

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa okùn dáadáa. Bó bá rin gbìndìn, epo ń ya wọlé ju bó ti yẹ lọ. Bó bá gbẹ táútáú, epo kò débẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ kán epo díẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀, ẹ dá àsẹ́ afẹ́fẹ́ padà, kí ẹ tún fa okùn. Bó bá dáhùn díẹ̀ tó sì dákẹ́, iná wà, epo ni kò rí mu. Síbẹ̀, ẹ má tíì tú kábúrétọ̀. Ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ lẹ́nu kọ́ àsẹ́ inú táǹkì jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá dọ̀tí, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ rọ́bà tó ń gbé epo. Èyí tó ti le tó sì ti là, afẹ́fẹ́ ló ń fà.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára, ó wá kan kábúrétọ̀ wàyí. Ẹ tú u kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti pẹtiróòlù fọ ara rẹ̀ títí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i yóò fi hàn. Lẹ́tà wọ̀nyí ni ẹ máa fi ra ọjà. HL, HS tàbí HU, ilé iṣẹ́ Tillotson ló ṣe é. WT tàbí HDA, Walbro ni. C1Q, Zama ni. Ẹ kọ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà sílẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ẹ̀rọ kan náà lè ti wọ oríṣiríṣi kábúrétọ̀, pàápàá Stihl 070 tó kún inú igbó wa yìí, tó ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì mélòó kan kọjá. Ẹ má kàn sọ fún ẹni tó ń ta sípíà páàtì pé “ti 070.” Ẹ mú gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání, ẹ fi lé tuntun, kí ihò bá ihò mu.

Kábúrétọ̀ yìí kò ní ìkòkò epo bíi ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ ìgégi ní láti ṣiṣẹ́ bí a bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ tàbí tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ dáyáfíráàmù méjì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀kan ń fa epo láti táǹkì. Èémí inú bọ́lọ́ọ̀kù, tó ń gba ihò kékeré kan wọlé, ló ń mì ín. Ìkejì ń ṣí abẹ́rẹ́ kí epo lè wọ ọ̀nà. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá bo ihò kékeré yẹn, ẹ lè fa okùn di alẹ́.

Lára HS àti WT, ojú kan ni ti àkọ́kọ́ wà, òdìkejì ni ìkejì wà. Lára HL, abẹ́ ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ipele kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń tú u. Ẹ gbé dáyáfíráàmù sójú ìmọ́lẹ̀: bó bá ti le, tó ń dún ṣàkàṣàkà bí ewé gbígbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ yọ gbogbo rọ́bà kí ẹ tó fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ihò. Wáyà kò gbọdọ̀ wọ ihò epo, ó máa ń fẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbálẹ̀ náà kò dáa, ó ń kán sínú.

Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí òrùka tó jẹ wọ ẹnu rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é padà, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lára ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé. Ẹ fẹ́ ẹ dé 250 (mmHg) lójú ẹ̀rọ náà, kó dúró síbẹ̀. Bó bá ń wálẹ̀, epo yóò máa jò wọ ẹ́ńjìnnì. Irin kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ náà, lára Tillotson, ẹ jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ẹ fi etí rúlà wò ó. Bó bá ga, epo á ya. Bó bá lọ sílẹ̀, ebi epo á pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ku ìtúnṣe sukúrúù. Ẹ yí H (sukúrúù epo fún eré gíga) àti L (ti eré jẹ́jẹ́) wọlé jẹ́jẹ́ títí wọn yóò fi kan ìdí, láì fagbára, kí ẹ wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì níta, kí ẹ má ṣe wà níwájú ṣéènì, torí 070 àtijọ́ kò ní bíréèkì. Ní sìló, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró. H ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ṣeré: wọ́n á há a mọ́ra kó lè ké fíìn, písítìnì á gbóná, á lẹ̀. Ní fúlù láì gé igi, ẹ jẹ́ kó ṣì máa wúkọ́ díẹ̀. Bó bá wọ igi, ohùn rẹ̀ á já gaara. Pẹ̀lú ọ́ìlì tú-sítíróòkù lásán, 200 ml ni mo ń dà sí lítà 5 pẹtiróòlù.

Bí sìló bá ṣì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín òun àti bọ́lọ́ọ̀kù ni kí ẹ wò, lẹ́yìn náà síìlì etí kíráǹkì.