Iná Oòrùn Láàárín Ìpínlẹ̀ Méjì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ará Ẹ̀gbẹ̀ ní Kogí mọ̀ pé Erúkù ní Kwara kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ará Ìyàmoyè ní Kogí kì í ka Òmùò-Èkìtì sí ìrìn àjò. Àna wa wà níbẹ̀, a jọ ń ná ọjà kan náà. Nítorí èyí, nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú méjì tí ààlà ìpínlẹ̀ pín níyà bá fẹ́ da owó pọ̀ fún iná oòrùn, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé ààlà náà kò sí. Lójú mọ̀lẹ́bí, kò sí. Lójú òfin, ó wà gedegbe.

Òfin Iná Mànàmáná tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023 gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti máa bójú tó iná tí wọ́n ń pèsè tí wọ́n sì ń tà nínú rẹ̀, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àṣẹ yìí lé àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́wọ́ ní ọdún 2024, tí Èkìtì àti Kogí wà lára wọn. Ṣùgbọ́n iná tí wáyà rẹ̀ bá ti ìpínlẹ̀ kan wọ òmíràn, ọwọ́ NERC ni ó ṣì wà. Ẹ má ṣe gba ìwé àṣẹ ní Lọ́kọ́ja kí ẹ wá fa wáyà wọ Èkìtì. Ní tèmi, ó sàn kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibùdó iná oòrùn tirẹ̀ ní ìhà tirẹ̀, kí wọ́n jùmọ̀ ra ọjà, kí wọ́n sì jùmọ̀ san owó oṣù oníṣẹ́-ẹ̀rọ kan.

Bákan náà, òpó iná tí ó ti ń jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́ kò túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín iná ti kọ àdúgbò náà sílẹ̀. Níbi tí wáyà wọn bá ti wà, àdéhùn ẹlẹ́ni mẹ́ta ni a nílò: ìlú, ẹni tí yóò kọ́ ibùdó, àti ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó tún ń da iṣẹ́ rú jù lọ. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún DARES, ètò iná oòrùn fún àwọn ibi tí iná kò tó, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ètò tí REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún iná ìgbèríko, ń bójú tó, ìròyìn rẹ̀ sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n yóò rí owó ìrànwọ́ gbà kí wọ́n tó ra páńẹ́ẹ̀lì kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Apá tí ó kan àwọn ibùdó kékeré máa ń tẹ̀lé iṣẹ́: ẹ so iná mọ́ ilé, wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tó san iye tí ó tọ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní owó ìbẹ̀rẹ̀, tí ó gbé gbogbo ìṣirò rẹ̀ lé owó yìí, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì pẹ̀lú àwọn òpó tí kò ní wáyà.

Gbèsè dọ́là tún léwu púpọ̀. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọwọ́ ìjọba. Ní ọdún 2024 ó ti ré kọjá 1,500. Náírà sì ni àwọn tí ń lọ gàrí ní Ìsánlú yóò máa fi san owó iná.

Ẹ má ṣe fi èrò tí ń wálé ní oṣù Kejìlá wọn bí ibùdó yóò ṣe tóbi tó, nítorí pé ní oṣù Kejì, ilé ńlá ńlá wọn á ti dá wà pẹ̀lú àgàdágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ gàrí tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí ó ń lo agbára oòrùn tààrà, bátìrì tí ẹ óò rà yóò sì dínkù. Kí ẹ sì máa ya owó tí ẹ óò fi pààrọ̀ bátìrì sọ́tọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ tí iná bá bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ojú máa ń ti àwọn àgbà láti sọ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìlú kan kò bá san ìpín tirẹ̀ mọ́. “Ọmọ ìyá ni wá,” ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì fò ó. Kí àdéhùn sọ ọ́ ní kedere: oṣù mélòó ni a óò fi dúró, ta ni yóò pa iná, ta ni yóò sì kó páńẹ́ẹ̀lì tí a jọ rà.