Bísíkíìtì Bọ́tà Olóòórùn Tíì: Bí A Ṣe Ń Yan Án Nílé

Bísíkíìtì yìí kò gba ẹyin, kò gba mílíìkì, kò sì gba páúdà tó ń mú àkàrà òyìnbó wú. Ìyẹ̀fun àlìkámà, bọ́tà, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀ àti ewé tíì, ó parí. Nítorí pé èròjà rẹ̀ kò pọ̀, bí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ẹnu yóò mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n

Fún nǹkan bí 40 bísíkíìtì:
ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, gíráàmù 100
bọ́tà, gíráàmù 200
ìyẹ̀fun, gíráàmù 300
ewé tíì dúdú, gíráàmù 8 (àpò tíì 4 sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀)
iyọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin síbí kékeré, bí bọ́tà náà kò bá níyọ̀

Ẹ rí i pé 1, 2, 3 ni: ṣúgà, bọ́tà, ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá mọ èyí lè dín in kù tàbí kí ó sọ ọ́ di púpọ̀ bó ṣe wù ú. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, kì í ṣe ife. Ife ìyẹ̀fun tí a kì mọ́lẹ̀ lè fi gíráàmù 25 wúwo ju èyí tí a rọra fi síbí bù sínú ife lọ, àjùlé yẹn sì ni yóò mú bísíkíìtì gbẹ táútáú.

Bọ́tà gidi máa ń ní ọ̀rá tó tó 80 nínú 100. Èyí tí wọ́n ṣe fún fífi pa búrẹ́dì, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Tíì gbígbẹ ni, kì í ṣe tíì rírẹ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rẹ tíì sínú omi gbígbóná, wọ́n á wá da omi náà sí ìyẹ̀fun. Bí omi bá kan ìyẹ̀fun àlìkámà tí a sì pò ó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi ti búrẹ́dì. Bísíkíìtì tó yẹ kó máa rún lẹ́nu yóò wá le kangan. Ọ̀rá bọ́tà ló ń dènà fífà yẹn, òun náà ló sì ń fa òórùn tíì mọ́ra, nítorí náà kò sí ohun tí a fẹ́ fi omi ṣe.

Ẹ mú síbí ṣúgà 2 nínú èyí tí ẹ ti wọ̀n, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ewé tíì títí yóò fi kúnná. Wóró ewé tó bá ṣẹ́kù yóò máa há sí eyín. Earl Grey, ìyẹn tíì dúdú tí wọ́n fi òórùn èèpo ọsàn bergamot sí, ló dára jù lójú tiwa. Tíì tó ti pẹ́ tí kò rùn mọ́ nínú agolo kò ní rùn nínú bísíkíìtì. Ẹ má ṣe kọjá gíráàmù 12, kó má baà korò.

Pípò àti gígé

Ẹ fi ìka tẹ bọ́tà: kí ìka wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n kí bọ́tà má ṣe máa dán. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ṣúgà àti tíì fún ìṣẹ́jú 2 péré. Ẹ má ṣe lù ú títí yóò fi funfun bíi ti àkàrà òyìnbó. Atẹ́gùn tó bá kó sínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ kó tẹ́ lórí iná. Ẹ da ìyẹ̀fun àti iyọ̀ sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ kó o jọ. Gbàrà tí ẹ kò bá rí ìyẹ̀fun funfun mọ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ yí i sí ọ̀pá méjì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ wé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní nínípọn.

Yíyan

Kí ófùnù ti gbóná dé 165°C kí tírè tó wọlé. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sí àárín wọn, kí ẹ yan wọ́n láàárín ófùnù fún ìṣẹ́jú 15 sí 18. Etí ni kó pọ́n díẹ̀. Ẹni tó bá dúró kí òkè náà pọ́n ti dúró pẹ́ jù, tíì yóò sì korò. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n ṣì rọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n fún ìṣẹ́jú 10, torí bọ́tà inú wọn kò tíì dì.

Bí wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bọ́tà ti gbóná jù. Ẹ dá èyí tó kù padà sínú fíríìjì. Bí wọ́n bá le, ẹ ti pò ó jù. Bí ìdí bá jó tí òkè sì tutù, ẹ gbé tírè sókè sí i.

Ìtọ́jú

Kí wọ́n tutù tán kí ẹ tó dé wọn sínú agolo tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru yóò sọ wọ́n di rírọ̀. Wọ́n á tó ọ̀sẹ̀ méjì, òórùn tíì sì máa ń jáde dáadáa ní ọjọ́ kejì. Ọ̀pá tí ẹ kò tíì yan lè wà nínú fírísà fún oṣù 2, bí ẹ bá wé e dáadáa, torí bọ́tà a máa fa òórùn ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yíyan, ẹ gbé e bọ́ sí fíríìjì. Bó bá ṣì le bí òkúta, ọ̀bẹ yóò fọ́ ọ dípò kó gé e.