Kí Ẹ Tó Ra Ẹyẹ fún Ọmọ, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ológbò Yín

Oúnjẹ adìẹ ni mò ń tà ní Lafẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta. Ibi tí àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró bá wà, èkúté ò ní ṣàì wà ńbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sin ológbò méjì. Akọ ń jẹ́ Jàǹdùkú. Abo ò lórúkọ, Músù la kàn ń pè é. Àwọn oníbàárà mi ti pa orúkọ àwọn ọmọ mi tì, Ìyá Jàǹdùkú ni wọ́n ń pè mí, mo sì ti gbà fún Ọlọ́run.

Tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti fẹ́ gba ọlidé báyìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé tọ̀ mí wá: "Ìyá Jàǹdùkú, ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi, ó lóun fẹ́ ẹyẹ. Èwo ni kí n rà?" Èmi náà á bi wọ́n pé ṣé ológbò wà nílé. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. "Tiwa ò ní wàhálà, oorun ló máa ń sùn ṣáá." Ohun tí èmi náà sọ gan-an nìyẹn kí n tó ra budgie (ẹyẹ kékeré kan tó jọ odídẹrẹ́) méjì àkọ́kọ́.

Ara ògiri pálọ̀ ni mo so kéèjì wọn kọ́, ó ga ju orí mi lọ. Mo ti fojú wọ̀n ọ́n pé Jàǹdùkú ò lè fò débẹ̀ láti ilẹ̀. Lóòótọ́, kò fò láti ilẹ̀. Orí àga ló kọ́kọ́ gùn, ó tibẹ̀ bọ́ sórí fíríìjì, ó wá jókòó, ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn báǹkì. Nígbà tí mo máa gbọ́ gbàà, kéèjì ti balẹ̀, jéró ti fọ́n ká orí kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn pénpé ara rẹ̀ sì ti ṣí. Aláwọ̀ ewé fò lọ sórí kọ́tìnnì. Aláwọ̀ búlúù wà lẹ́nu Jàǹdùkú. Mo já a gbà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná, mi ò rí ju ojú abẹ́rẹ́ kan lọ lábẹ́ apá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò tó kán sílẹ̀. Ọmọ mi kejì ní, "Màámi, kò kúkú ṣe é ní nǹkan kan." Bẹ́ẹ̀ lèmi náà rò. Ó di alẹ́ ọjọ́ kejì, ó wú ìyẹ́ bora bíi pé òtútù ń mú un, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà ẹranko kan là mí lóye. Kòkòrò àìsàn kan wà nínú itọ́ ológbò, Pasteurella ni wọ́n ń pè é. Ihò tí eyín dá sí ẹyẹ lára lè má tó nǹkan, kòkòrò yẹn á gbabẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ kan sí méjì ti tó láti pa ẹyẹ kékeré. Nítorí náà, tí ẹnu tàbí èékánná ológbò bá kan ẹyẹ yín, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé e sínú páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́, kí ibẹ̀ ṣókùnkùn kó sì móoru, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Níhìn-ín l'Abẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ilé ìwòsàn ẹranko ní Alábàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú kápúsù aláwọ̀ méjì tí ọmọ lò kù sínú omi ẹyẹ. Ẹyẹ tí kò wúwo tó ẹyin adìẹ kan, ta ló mọ ìwọ̀n oògùn tó yẹ ẹ́?

Ohun tó wá yẹ ní ṣíṣe ni pé kí ẹ ra kéèjì, kí ẹ má tíì ra ẹyẹ. Ẹ so kéèjì òfìfo yẹn kọ́ síbi tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ da jéró díẹ̀ sí i, kí ẹ máa fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ológbò á fi gbogbo ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀ hàn yín. Tèmi, orí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rò pé ó jìnnà jù lọ ni mo ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lára eruku níbẹ̀ bí òǹtẹ̀. Ibi tí kò bá lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ gbé ẹyẹ sí. Tí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé páànù àti wáyà nìkan lẹ tíì náwó lé.

Ẹyẹ tó bá máa gbé inú ilé gbọ́dọ̀ ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa. Tí àgbàlagbà kan ò bá sí nínú yàrá yẹn, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ológbò, kó má dán ẹyẹ inú ilé wò. Kò tiẹ̀ dìgbà tí ológbò bá fọwọ́ kàn án, kó kàn jókòó kó máa wò ó láti àárọ̀ dalẹ́ ti tó láti kó ìpayà bá ẹyẹ.

Ó wá ku ẹyẹ fúnra rẹ̀.

Odídẹrẹ́ ni gbogbo ọmọ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rà á. Ó lè lo 40 sí 60 ọdún, ẹnu rẹ̀ ń fọ́ èkùrọ́ (ẹ wá ro ìka ọmọ ọdún mẹ́fà), tó bá sì dá nìkan wà, á máa fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu títí àyà rẹ̀ á fi hòòhò. A máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń dẹ nínú igbó ló ń kú sínú páálí kó tó dé ọjà rárá. Ó ti wá dín kù nínú igbó débi pé lọ́dún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko igbó, fòfin de títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2017. Ẹni tó bá gbé e wá bá yín ní kọ̀rọ̀, ẹ ní kó máa gbé e lọ.

Budgie ni mo fara mọ́ fún inú ilé. Ọsirélíà ló ti ṣẹ̀ wá, kò wúwo ju gíráàmù 30 sí 40 lọ, ó ń lo ọdún 5 sí 10, ariwo rẹ̀ ò ní í mú aládùúgbò yín kanlẹ̀kùn. Tó bá bu ọmọ jẹ, ọmọ á ké, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra méjì, nítorí kì í fẹ́ dá gbé. Kí kéèjì wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ó kéré tán, gígùn ló ṣe pàtàkì ju gíga lọ, nítorí ẹyẹ kì í fò lọ sókè sódò bí ẹ́lífétọ̀. Àlàfo irin ara rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ. Ẹ fi wáyà kékeré de ilẹ̀kùn rẹ̀, húùkù tó wọnú àjà dáadáa sì ni kí ẹ gbé e kọ́, ìṣó ara ògiri ò tó. Àwọn kan á ní kí ẹ gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kó má bàa fò lọ. Nínú ilé tó ní ológbò, ẹ má dán an wò: apá yẹn nìkan ni ohun ìjà tó ní.

Cockatiel, ìbátan odídẹrẹ́ mìíràn, náà dára, gíráàmù 80 sí 100, ògbe orí rẹ̀ sì máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: tó bá nà án sókè ṣánṣán, ẹ̀rù ń bà á. Àmọ́ ó lè lo 15 sí 20 ọdún, ọmọ tó wà ní prámárì lónìí lè ti máa mú àfẹ́sọ́nà wálé kí ẹyẹ yẹn tó kú. Bákan náà, ìyẹ́ rẹ̀ máa ń gbọn lẹ́búlẹ́bú funfun sílẹ̀. Tí ọmọ tó ní asthma bá wà nílé, kò yẹ yín.

Tí ilé bá ní àgbàlá, kódà kó kéré, ẹyẹlé ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, èmi náà ò sì ní ohun mìíràn mọ́ báyìí. Ẹyẹlé ò ní í wọ pálọ̀, ológbò ò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ á fún un lóúnjẹ láàárọ̀, á sì wo bó ṣe ń tọ́mọ. Ẹyin méjì ló sábà máa ń yé, akọ àti abo ló jọ ń sàba, á pa láàárín ọjọ́ 17 sí 18. Inú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn àwọn òbí méjèèjì ni nǹkan funfun bíi wàrà ti ń jáde tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìyẹn, àbíkẹ́yìn mi wojú mi títí, ó ní, "Ṣé bàbá ẹyẹlé náà lọ́mú ni?"

Káfíńtà àdúgbò lè kan ilé wọn. Kí òpó rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8, kó jìnnà sí ògiri, sí igi, sí páànù ilé, àti sí àpáta, nítorí pé Abẹ́òkúta là ń gbé. Ibi tí mo kọ́kọ́ rì í sí, àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ò jìnnà sí i. Músù kò tiẹ̀ fò, ó kàn sọdá ni. A hú òpó. Ẹ wé páànù tó ń dán yí òpó náà ká, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí èékánná má ríbi dì mú. Ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí pẹpẹ ilé wọn ni kí ẹ gbé e sí, torí ilẹ̀ ni ológbò ti ń mú wọn. Ní alẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn nítorí ejò àti òwìwí. Àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú oyster shell (ìkarahun inú òkun) lílọ̀, àti òkúta wẹ́wẹ́ nítorí kò léyín, iwe rẹ̀ ló ń bá a lọ oúnjẹ.

Ẹyẹlé tí ẹ bá rà ní àgbà, ẹ sé e mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Èmi ò ní sùúrù. Ọjọ́ karùn-ún ni mo ṣílẹ̀kùn, kí n tó se oúnjẹ ọ̀sán tán, ẹni tó tà á fún mi ní Ìta-Ọ̀ṣìn ti pè mí pé àwọn àlejò mi ti dé ọ̀dọ̀ òun. Tí ẹ bá sì ra funfun báláú, ẹ múra sílẹ̀ de ìfura. Aládùúgbò mi kan fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní wòlíì wo ló ní kí n wá wọn.

Àdàbà àti ẹ̀gà tí àwọn ọmọ ń dẹ pakuté mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀, ẹyẹ igbó kì í pẹ́ kú sínú kéèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ tí ológbò á máa sá fún, kó ra tòlótòló.

Lọ́jà, ẹ dúró lókèèrè kí ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ẹyẹ tó ń ṣàìsàn máa ń díbọ́n tó bá rí ènìyàn nítòsí. Tó bá wú ìyẹ́ lọ́sàn-án gangan, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, tí ihò imú rẹ̀ tutù tàbí tí ìdí rẹ̀ dọ̀tí, ẹ kọjá lọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀. Tó bá mú bí ẹnu ọ̀bẹ, ebi tàbí àìsàn ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán. Budgie tó ṣì kéré, ìlà iwájú orí rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé imú, gbogbo ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú. Ẹ ya èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́ tí ẹ bá ti ní òmíràn nílé.

Ní ti àwọn ọmọ, èyí tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kó máa wò ó, kó máa bu oúnjẹ, kó má gbé e. Àwọn àgbà wọn, mo kọ́kọ́ fún wọn ní ẹyin tútù kí wọ́n rìn yí ilé po. Èyí tó bá fọ́ ẹyin ò tíì lè gbé ẹyẹ. Ẹyẹ ò ní awọ tó ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ bíi tiwa, egungun àyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ kó tó lè mí. Ọmọ tó bá fún un mọ́ àyà nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ti pa á nìyẹn. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu ko ẹyẹ lẹ́nu. Kí ẹ tó ṣí kéèjì, ẹ pa fáànù òkè.

Èéfín jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn, oògùn ẹ̀fọn afẹ́fẹ́, kí èyíkéyìí má dé yàrá ẹyẹ. Páànù ìdíńyin tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tó bá jóná lórí gáàsì, èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ẹyẹ ilé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Píà, ṣokoléètì, kọfí àti àlùbọ́sà, májèlé ni fún wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ jéró, àpò tuntun dé lánàá. Oyster shell ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.